Àgbàdo sísun lẹ́bàá iná, àti ọmọláńgidi tí a fi háhá ṣe

Nínú oṣù kẹjọ ọdún yìí, nígbà tí òjò dá díẹ̀ tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ní Iléṣà sì gbẹ tó láti tẹ́ ẹní sí, àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta tí wọ́n wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn lọ́dọ̀ mi láti Èkó gbé fóònù tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn wá bá mi. Wọ́n fẹ́ kí n wo àwọn ọmọ òyìnbó kan tí wọ́n jókòó yí iná ká nínú igbó, tí olúkúlùkù wọn fi igi gún ohun funfun kan tí ó rí bí òwú, tí wọ́n sì ń yí i lórí iná títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Èyí ẹ̀gbọ́n, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó sọ̀rọ̀: "Màmá Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á ṣe èyí lálẹ́ òní." Àwọn ìbejì tí wọ́n tẹ̀lé e kò sọ nǹkan kan, igi ni wọ́n ti lọ ṣẹ́ wá.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì lè dáhùn ìbéèrè ọmọdé láìkọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. S'mores ni orúkọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó ni ín, orúkọ náà sì jẹ́ ìkékúrú gbólóhùn kan ní èdè wọn tí ó túmọ̀ sí "ẹ tún fún mi sí i". Wọn a fi ègé ṣokoléètì lé orí bisikíìtì pẹlẹbẹ kan, wọn a gbé marshmallow tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná bọ̀ lé e kí ṣokoléètì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, wọn a sì fi bisikíìtì kejì dé e. Ẹgbẹ́ Girl Scouts ti Amẹ́ríkà tẹ bí a ṣe ń ṣe é sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn kan ní ọdún 1927, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ sì ni ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Marshmallow fúnra rẹ̀, ṣúgà ni, pẹ̀lú jẹlatíìnì, tí wọ́n lù pọ̀ títí afẹ́fẹ́ fi kún inú rẹ̀. Láti ara awọ àti egungun ẹran ni jẹlatíìnì ti ń wá, ẹran náà a sì máa jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí náà ẹni tí ó bá ní Mùsùlùmí nínú ilé, gẹ́gẹ́ bí èmi ti ní, yóò ka ara páálí rẹ̀ dáadáa kí ó tó rà á.

N kò sọ fún àwọn ọmọ náà pé nǹkan òyìnbó kò dára. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé iná tí wọ́n rí yẹn, a ní irú rẹ̀, a sì ní ohun tí à ń sun níbẹ̀ tí ó dùn ju òwú aládùn lọ. Bí a bá tilẹ̀ wò ó, ẹbí kan náà ni àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ṣokoléètì, Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti ṣẹ̀ wá kí ó tó di ohun tí àwọn bàbá wa ń gbìn káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Àgbàdo pẹ̀lú, àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, kò sì dé etíkun wa títí àwọn Potogí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣòwò. Nínú gbogbo ohun tí a ó sun lálẹ́ ọjọ́ náà, iṣu funfun ni ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Èyí kò dín ìfẹ́ tí mo ní sí àgbàdo kù rárá, nítorí ohun tí ìran bí ìran ti gbìn, tí wọ́n ti fi ṣe ẹ̀kọ, tí wọ́n ti fi ṣe ògì, tí wọ́n sì ti fi ṣúre fún ọmọ, ti di tiwọn.

Ní òwúrọ̀ ni mo kó wọn lọ sí Ọjà Àtàkúmọ̀sà, nítorí pé ọjọ́ tí a bá ya àgbàdo ni ó dára jù láti sun ún. Bí ó bá ti kúrò lára igi rẹ̀ ni adùn inú rẹ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di ohun tí ó ń ki lẹ́nu bí ìyẹ̀fun, ìdí sì nìyí tí àgbàdo tí ó sun ọjà ní ọjọ́ mẹ́ta kò fi ní adùn mọ́ bí ó ti wù kí iná dára tó. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń yàn án. Háhá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì tutù, kí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Irùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pọ́n ṣùgbọ́n kí ó má tíì gbẹ dànù. Bí ẹ bá fi èékánná tẹ ọmọ rẹ̀ kan, tí omi tí ó jáde sì mọ́ gaara, kò tíì tó. Bí ó bá funfun bí wàrà, ó ti tó sè. Bí wàrà náà bá ti ń ki díẹ̀, sísun ni kí ẹ sun ún. Èyí tí kò bá mú omi jáde mọ́ ti gbó, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di yangan fún ògì tàbí gúgúrú. Obìnrin tí ó tà á fún wa kò fẹ́ràn kí àwọn ọmọ máa fi èékánná tẹ ọjà òun, ó sì tọ̀nà, nítorí náà mo san owó èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ti ìyókù.

Nígbà tí a dé ilé ni mo ní kí wọ́n ka ìlà tí ó wà lára àgbàdo kọ̀ọ̀kan yípo. Ọ̀kan ní 14, èkejì ní 12, ẹ̀kẹta ní 16. Wọ́n kà á títí, wọn kò rí èyí tí ó ní 13 tàbí 15. Mo ṣàlàyé fún wọn pé méjì méjì ni òdòdó tí ó ń di ọmọ àgbàdo máa ń yọ lára ṣùkù rẹ̀, bí ìbejì, ìdí sì nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi máa ń ṣeé pín sí méjì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Láti ìgbà náà ni àwọn ìbejì mi ti gbà pé ìbátan àwọn ni àgbàdo, wọ́n sì fẹ́ fi èyí gba ìpín tí ó pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n wọn lọ.

Kí n tó dé orí sísun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iná. Wọ́n máa ń ki àwa Ìjẹ̀ṣà pé a kì í rídìí ìṣáná, pé ilé ni ọmọ Ọwá ti ń múná roko. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwàdà ni mo pe ọ̀rọ̀ yìí, àfi ìgbà tí ìyá mi àgbà fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn mí: wọn a kó ẹyín iná sínú àpáàdì, wọn a sì fi eérú bò ó kí ó má baà kú lójú ọ̀nà. Ọwọ́ ẹyín iná yẹn náà ni gbogbo adùn àgbàdo sísun wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kánjú gbé àgbàdo lé iná tí ó ṣì ń jó lálá, ẹ̀yìn rẹ̀ á di dúdú, inú rẹ̀ á sì wà ní tútù, wọn á wá máa sọ pé àgbàdo náà ni kò dára. Ẹ ní sùúrù kí igi jó tán, kí ó di ẹyín pupa tí eérú funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bò. Ní tèmi, èyí gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àkókò yẹn ni a sì fi bó àgbàdo.

Òkúta mẹ́ta ni mo fi ṣe ààrò, mo to igi gbígbẹ sí àárín wọn, mo sì fi ògùṣọ̀ tí mo gbà lọ́dọ̀ àwọn tí ń fún epo ràn án. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu kẹrosíìnì sí iná tí a fẹ́ fi sun oúnjẹ, nítorí òórùn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀, iná tí a bá sì bu kẹrosíìnì sí lè fò mọ́ ọmọdé lójú. Èédú náà dára, pàápàá bí ẹ bá ní rímù ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ lè tẹ́ àwọ̀n irin lé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá alágbàdo ẹ̀gbẹ́ títì ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn tí a kò sì lè fi ojú rí, ẹni tí ó bá sì sùn tì í lè má jí mọ́. Mo fi igi fa ìlà yí iná mi ká ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí ó bá kọjá ìlà náà láìgba àṣẹ yóò di ẹni tí ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná dípò ẹni tí ń jẹun. Wọ́n kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń sun àgbàdo. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni pé kí a bó o tán, kí a tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n tàbí kí a gbé e ti ẹyín iná, kí a sì máa yí i ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú títí ara rẹ̀ yóò fi ní àmì pupa rẹ́súrẹ́sú, èyí tí kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ óò máa gbọ́ tí ó ń ta pàpà: omi inú ọmọ àgbàdo ni ó di ooru tí ó sì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Irú ooru yìí kan náà ni ó ń sọ yangan di gúgúrú, ṣùgbọ́n èèpo yangan le tó láti há ooru mọ́ inú títí gbogbo rẹ̀ yóò fi bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kejì ni pé kí a má bó o. Ẹ rẹ àgbàdo tòun ti háhá rẹ̀ sínú omi fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e lé ẹyín iná, ẹ sì máa yí i fún ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Háhá yóò jó, àgbàdo kò ní jó. Ó máa ń rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì dára fún àwọn arúgbó tí eyín wọn kò le mọ́, ẹgbẹ́ tí èmi náà ti ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, èmi á mú ti àkọ́kọ́. Àgbàdo tí kò bá ní ojú iná lára, sísè ni.

Àgbọn ni a fi jẹ ẹ́. A lè fi ẹ̀pà jẹ ẹ́, ẹni tí ó bá sì wù lè fi iyọ̀ lásán jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àgbọn ni ó yẹ ẹ́ jù, nítorí ọ̀rá inú àgbọn ni ó ń mú kí àgbàdo tí ó gbẹ díẹ̀ lọ geere lọ́nà ọ̀fun. Ohun kan wà tí mo máa ń fi kún un fún àwọn àgbà. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì epo pupa pọ̀ mọ́ ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, ata gbígbẹ lílọ̀ bí ó bá ti wù yín, àti àlùbọ́sà kékeré kan tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ fi háhá tútù kan tí ẹ ya ẹnu rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìgbálẹ̀ ra á mọ́ àgbàdo lára nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú méjì kí ó kúrò lórí iná. Ẹ má ra á ṣáájú ìgbà náà, nítorí epo á kán sínú ẹyín, iná á sì ru sókè.

Iṣu, tí a ń pè ní uṣu ní ẹ̀ka èdè tiwa, gba àkókò jù. Oṣù kẹjọ jẹ́ àsìkò iṣu tuntun, omi sì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí iṣu tí ó ti pẹ́ ní àká díẹ̀, òun ni kí ẹ mú. Mo gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́ta ní nínípọn, n kò bó èèpo rẹ̀, mo sì tò ó sí etí iná níbi tí ẹyín kò ti pọ̀ jù. Ó lo ogójì ìṣẹ́jú, a sì ń yí i. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti jinná, n kò sì bínú, nítorí àwọn àgbà ti sọ pé iṣu àtẹnumọ́ràn kì í jóná. Bí ó bá jinná tán, ọ̀bẹ ni a fi ń họ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kúrò títí yóò fi ku pupa rẹ́súrẹ́sú, a ó sì fi epo pupa, iyọ̀ àti ata jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná. Níbi tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ni mo pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn, bí ó ti lọ sí ilé àna rẹ̀, tí ó jí ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, tí ó dé e mọ́rí kí wọ́n má baà rí i, tí irun orí rẹ̀ sì ti bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bi mí ìdí tí Ìjàpá kò fi sọ pé kí wọ́n bu ẹ̀bẹ díẹ̀ fún òun. N kò ní èsì.

Ìṣòro kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣu yìí. Ègé mẹ́jọ ni mo tò síná, méje ni a rí kó jáde. Kẹ́hìndé ní Táíwò ni ó jẹ ìkẹjọ, Táíwò sì búra pé òun kò rí i. A tú ẹní wò, a tú àpò ṣòkòtò wò, mo sì parí ìjà náà nípa fífún àwọn méjèèjì ní àgbàdo kọ̀ọ̀kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ ní ìwọ̀nba, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ bọ̀ọ̀lì. Ohun tí a fi tiwa ṣe ni mo fẹ́ sọ, èyí tí mo fi tu àwọn ọmọ nínú nítorí s'mores wọn. Mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n dáadáa, mo là á ní àyà láìbó èèpo rẹ̀, mo ki ègé ṣokoléètì kéékèèké mẹ́rin bọ̀ ọ́, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í, mo sì gbé e sórí ẹyín tí kò gbóná jù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá tú u, ṣokoléètì á ti yọ́ wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀; ẹ fi ṣíbí bù ú sórí bisikíìtì kan, ẹ sì fi òmíràn dé e. Mo sọ fún wọn pé kí ṣokoléètì tó di ṣokoléètì, a ti kó kòkó jọ, a ti fi ewé bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí omi funfun tí ó yí i ká lè kan, a sì ti sá a sí oòrùn. Pé nígbà tí èmi wà ní ìwọ̀n ọjọ́ orí wọn, omi funfun yẹn ni àwa ọmọdé ń lá ní oko bàbá mi, a kò sì mọ ohun tí àwọn tí ń ra kòkó náà ń fi ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníṣokoléètì náà dùn, mo gbà. Ó dùn jù fún mi ni.

Àgbàdo mẹ́fà ni ó kù, mo sì fi wọ́n se àdàlú ní ọjọ́ kejì. Mo yọ ọmọ wọn kúrò lára ṣùkù, wọ́n tó kọ́ọ̀pù méjì. Mo se kọ́ọ̀pù ẹ̀wà méjì títí ó fi rọ̀ dáadáa. Mo da àgbàdo náà mọ́ ọn pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà tí mo ti gún, edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, epo pupa àti iyọ̀, mo sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hó pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iná díẹ̀. Àgbàdo tútù ni wọ́n sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n èyí tí iná ti kàn máa ń fún àdàlú ní òórùn èéfín kan tí yóò mú kí àwọn aládùúgbò béèrè ohun tí ẹ ń sè.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí mo fẹ́ràn jù, èyí ni ohun tí a fi pàǹtírí àgbàdo ṣe. Àwọn ọmọ Èkó wọ̀nyí kò tíì ṣe ohun ìṣeré fúnra wọn rí. Wọ́n máa ń ra tiwọn ni. Háhá ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ti inú, èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí ó sì funfun, ẹ sá a sí ibòòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí bí ẹ bá sá a sí oòrùn gangan yóò ká kò, yóò sì máa ya. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó lè rọ̀. Ẹ to mẹ́fà lé ara wọn, ẹ sì fi òwú so orí wọn pọ̀ ṣinṣin. Ẹ wá bó wọn wálẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ so lè farasin sínú. Ibẹ̀ yẹn ni orí, ẹ fi òwú mìíràn so ọrùn fún un. Ẹ lọ́ háhá kan ṣoṣo bí ẹní tí a ká, ẹ so ó ní etí méjèèjì, ẹ tì í gba àárín àwọn háhá tí ó wà nísàlẹ̀ ọrùn kọjá, ó ti ní ọwọ́. Ẹ so ìbàdí rẹ̀, ohun tí ó kù nísàlẹ̀ yóò sì fẹ̀ jáde bí ìró. Bí ọkùnrin ni ẹ fẹ́, ẹ pín ìsàlẹ̀ náà sí méjì, ẹ so ọ́ ní ọrùn ẹsẹ̀, ó di ṣòkòtò.

Irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo ni ó di irun, àkísà ànkárá sì di gèlè àti ìborùn. Mo ti kà pé àwọn Haudenosaunee, tí wọ́n wà lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀, ń fi háhá ṣe ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ṣùgbọ́n pé tiwọn kì í ní ojú. Mo sọ èyí fún ọmọbìnrin náà. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wò mí, ó sì mú èédú, ó ya ojú àti ẹnu fún tirẹ̀, ó wá kọ pélé sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí èyí tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Orúkọ mi ni ó sọ ọmọláńgidi náà. Ó ní ó ń gbójú bí mo ti ń gbójú.

Ọkọ̀ ni àwọn ìbejì fẹ́. Ìdajì ṣùkù gbígbẹ ni ara ọkọ̀ náà. A fi ìṣó lu ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin ní àárín, a fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ gba inú wọn àti inú ṣùkù kọjá, ó sì ń yí. Èmi ni mo lu ìṣó o. Pòpórò àgbàdo ni a fi ṣe awò ojú fún awakọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe é ní oko nígbà tiwa: ẹ bó èèpo líle rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ di òbìrí méjì, ẹ sì fi ègé inú rẹ̀ tí ó rọ̀ mú etí wọn pọ̀. Ẹ ṣọ́ra, èèpo náà mú bí abẹ, àgbà ni kí ó bó o. Ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ awò méjèèjì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọpọ́n ayò ni ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn jù. Páálí ẹyin tí ó ń gba ọgbọ̀n ní ìlà márùn-ún, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú mẹ́fà. Bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà méjì kúrò lára rẹ̀, ẹ ti ní ojú méjìlá, èyí tí ó bá iye ojú ọpọ́n ayò mu gẹ́lẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Dípò ọmọ ayò, yangan 48 ni a kà, mẹ́rin fún ojú kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí wọ́n fi omi zóbò pa ìdajì rẹ̀ láró kí ó lè dùn ún wò. Àwọn tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdi fóònù mú ta ayò títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, mo sì ń pa wọ́n ní àlọ́ àpamọ̀ bí wọ́n ti ń ta á. Mo ní, "Àlọ́ o!" Wọ́n ní, "Àlọ̀!" Mo bi wọ́n pé ta ni ó lọ sí oko ní ìhòòhò, tí ó sì kó igba aṣọ àti igba ọmọ bọ̀ wálé? Táíwò dá mi lóhùn láìgbé ojú kúrò nínú ọpọ́n pé ìbátan àwọn ni.

Orí ẹní ni oorun gbé wọn lọ. Mo gbé wọn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì padà wá pa iná, nítorí a kì í fi ẹyín iná sílẹ̀ sùn, bí ó ti wù kí eérú tí ó bò ó pọ̀ tó. Mo ti pọn omi sínú garawa, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ fi igi tú eérú náà kí omi lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni ègé iṣu ìkẹjọ yí jáde láti ẹ̀yìn òkúta kẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí èédú. Mo họ ọ́. Inú rẹ̀ funfun báláú, ó sì rọ̀ ju gbogbo èyí tí a ti jẹ lọ. Mo wo ojú fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, mo da omi sí iná, mo sì jẹ iṣu náà tán lórí ìdúró nínú òkùnkùn, mo fi ọwọ́ bò ó.